Ohùn Méjì Ò Lè Tọ́ Ajá Kan

Kọ́là oníná ti wọ Ìjàrẹ. Oúnjẹ adìyẹ, oògùn aràn àti oògùn eégbọn ni mò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà tó lọ sí Àkúrẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ ajá àti ẹran ọ̀sìn kì í fò mí dá. Látìgbà tí àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó àti l'Ábùjá ti ń ra ajá òyìnbó ránṣẹ́ sílé fún àwọn òbí wọn, ìbéèrè ti yí padà lẹ́nu àwọn oníbàárà mi. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyá Ṣadé, kí ni mo lè fún ajá mi kí ara rẹ̀ lè máa dán?" Ní báyìí, fóònù ni wọ́n ń nà sí mi. Àwòrán bẹ́líìtì dúdú kan ló máa ń wà lójú rẹ̀, tí irin kéékèèké méjì yọ nínú rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ ní irú eléyìí?" Èsì mi ni pé mi ò ní in, mi ò sì ní í tà á.

Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ síta, torí pé nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, bẹ́líìtì yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọkọ àti aya. Ọ̀kan á ní kí àwọn rà á, èkejì á ní kò ní í wọlé òun. Àwọn tó ń gbọ́ wọn á wá máa rò pé ẹni tó kọ̀ ń kẹ́ ajá jù, pé ẹni tó fẹ́ ẹ sì rorò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ní í sọ ò gùn: ilé tí ohùn tọkọtaya kò bá ti ṣọ̀kan lórí ajá, kọ́là oníná ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ilé tí ohùn wọn bá sì ti ṣọ̀kan, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó nílò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún ẹni tí kò tíì rí i. Bẹ́líìtì ọrùn ni, ó ní bátìrì tí wọ́n ń ṣáàjì bíi ti fóònù. Irin méjì tó yọ nínú rẹ̀ ló máa kan awọ ọrùn ajá lábẹ́ irun. Rìmóòtù wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ajá. Bó bá tẹ bọ́tìnnì kan, kọ́là á dún. Bó bá tẹ òmíràn, á gbọ̀n rìrì. Bó bá tẹ ẹ̀kẹta, iná á gbé ajá náà. Ó ní nọ́ńbà tó ń sọ bí iná náà ṣe máa le tó, èyí tó kéré jù lè máà ju ìgbà tí èèrà géni jẹ lọ, èyí tó ga jù sì lè mú kí ajá ké igbe oró. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, láàárín 1960 sí 1970, àwọn ọdẹ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é fún. Ajá wọn á ti sáré tẹ̀ lé ẹran wọgbó lọ jìnnà, ohùn ò ní í bá a mọ́, ọdẹ á wá fi iná dá a padà.

Àwọn ọdẹ tiwa náà ti mọ ìṣòro yẹn kí iná tó dé. Wọ́n á so ṣaworo mọ́ ajá lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tó wà, wọ́n á sì fọn fèrè láti pè é. Ta ni kò mọ̀ pé ajá tó máa sọ nù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ? Ṣùgbọ́n ẹ wo fèrè náà dáadáa. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fọn ọ́n. Bó ṣe dún láàárọ̀ náà ló máa dún nírọ̀lẹ́. Ajá tó bá gbọ́ ọ tó sì padà máa ń rí ìfun jẹ nínú ẹran tí wọ́n bá pa. Ọdẹ tó bá ń fọn fèrè kan lónìí, tó ń fọn òmíràn lọ́la, tó sì ń na ajá nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun nìkan ló máa padà sílé.

Ní ilé tiwa, ọkọ mi ló fẹ́ kọ́là. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó ọba ló fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ń na ẹran láìnídìí. Bingo ni orúkọ ajá wa, ìyá rẹ̀ jẹ́ Àlùséṣàn, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ajá ilé lásán, irú èyí táwọn èèyàn ń pè ní ekuke. Ọmọ wa ọkùnrin ló gbé e wá láti Èkó. Bó bá ti fo ọgbà, ewúrẹ́ àdúgbò ló máa ń lé. Kì í bù wọ́n jẹ, á kàn lé wọn títí wọ́n á fi kó sí gọ́tà. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tó lóyún tí wọ́n bá lé bẹ́ẹ̀, oyún lè bà jẹ́ lára rẹ̀, ẹni tó ni ín ò sì ní í bá ajá sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀.

Ọkọ mi ní, "Ìyá Ṣadé, ìrora ìṣẹ́jú àáyá kan lò ń wò, májèlé lèmi ń wò. Ẹni tí ajá wa bá pa ewúrẹ́ rẹ̀ ò ní í pè wá lẹ́jọ́. Ẹja tó ti fi oògùn sí ló máa jù wọ inú ọgbà lóru. Bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ tá ò sí nílé, ìkòkò ọbẹ̀ ló máa bá a lọ."

Mi ò lè fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn. Bí ajá ṣe ń kú ládùúgbò wa nìyẹn. Mo wá bi í pé, "Bàbá Ṣadé, ta ló máa mú rìmóòtù dání?" Ó ní òun ni. Mo ní, "Nígbà tẹ́ ẹ bá wà lóko ńkọ́?" Ó ní èmi ni. Mo ní, "Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní àwọn ọmọ-ọmọ wa ò kéré jù láti tẹ bọ́tìnnì. Ibẹ̀ la ti pínyà.

Ìdí tí mo fi bèèrè ni pé gbogbo agbára ẹ̀rọ yìí wà nínú àsìkò. Ajá ò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó di rìmóòtù mú. Ohun tó ń ṣe àti ohun tó ń wò lásìkò tí iná gbé e gan-an ló máa so ìrora náà mọ́. Ká ní Bingo ń lé ewúrẹ́, ẹni tó mú rìmóòtù ń wá bọ́tìnnì, kó tó rí i, ajá ti fi ewúrẹ́ sílẹ̀, ó ti kọjú sílé. Iná wá gbé e. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ ni pé ilé ń ta èèyàn lára. Ká tún ní ọmọ ilé ìwé kan ló ń kọjá níwájú rẹ̀ lásìkò yẹn, ọmọ náà ló máa rò pé ó ṣe òun ní ìjàǹbá, bó bá sì tún rí i lọ́jọ́ mìíràn, ó lè máà dúró kí iná gbé òun kó tó bù ú jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tí ojú ń rí ká tó rí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rà l'Ákùúrẹ́, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ eré kọ́ nìyẹn. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí dìgbòlugi bá mú láyé, nǹkan bí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá fi èèyàn méjì sínú ilé kan náà. Tọkọtaya kan wà tí wọ́n máa ń ra oògùn aràn lọ́wọ́ mi. Ní tiwọn, ìyàwó ló fẹ́ kọ́là, ọkọ ló ní kò ṣeé ṣe. Olùkọ́ ni ìyàwó, Ìjàrẹ níbí ló wà, Àkúrẹ́ ni ọkọ ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Ẹ̀sùn tí ìyàwó fi kan ajá wọn ni pé ó máa ń fò mọ́ èèyàn. Mo bi wọ́n léèrè bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ wá jáde. Bí ọkọ bá dé lálẹ́ Fúráìdè, ajá á fò mọ́ ọn láyà, ọkọ á rẹ́rìn-ín, á gbá a mọ́ra, á já súyà tó rà bọ̀ láti Àkúrẹ́ fún un. Bó bá di àárọ̀ Sọ́ńdè, ìyàwó á wọ léèsì jáde, ajá á tún fò, ẹrẹ̀ á bo léèsì, ìgbálẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ajá.

Ajá yẹn kì í ṣe olórí kunkun. Òfin méjì ni wọ́n ṣe fún un, ó sì ń gbìyànjú láti pa méjèèjì mọ́. Bí wọ́n bá so kọ́là mọ́ ọn, ohun tó gba súyà lé lórí lálẹ́ Fúráìdè náà ni iná máa gbé e fún láàárọ̀ Sọ́ńdè. Kò sí nọ́ńbà kankan lára rìmóòtù tó lè tún ìyẹn ṣe. Ohun tó máa tún un ṣe ni kí ọkọ dẹ́kun fífún un ní súyà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi wà nílẹ̀. Mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ọkọ ní, "Mọ́mì, ayọ̀ rẹ̀ ló ń fò sí mi yẹn." Ìyàwó ní, "Ẹ ò gbọ́ nǹkan?"

Èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn máa fi ajá bá ara wọn jà. Olùwádìí kan, Wendy Schottman, kọ̀wé ní 1993 nípa àwọn Baatombu ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n máa ń sọ ajá ní orúkọ tó jẹ́ òwe. Ẹni tí ọ̀rọ̀ aládùúgbò ń dùn, tí kò sì fẹ́ kò ó lójú, á kàn jáde síta, á pe ajá rẹ̀, ẹni tó yẹ kó gbọ́ á gbọ́. Àwa náà ń ṣe é. Mélòó nínú wa ni kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan máa pe ajá rẹ̀ ní Táníyànú níwájú orogún rẹ̀? Orúkọ ò ta ajá lára, oúnjẹ tí wọ́n fi ń pè é ló mọ̀. Kọ́là yàtọ̀. Ìgbà tí ọkọ bá ń tẹ bọ́tìnnì láti fi han ìyàwó pé òun ló ni àṣẹ, tí ìyàwó sì ń tú kọ́là náà lọ́rùn ajá bí ọkọ bá ti jáde, ọrùn ẹni tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn ni wọ́n ń jà lé.

Àwọn kan á ní kí n fi ti àánú sílẹ̀, kí n sọ bóyá kọ́là ń ṣiṣẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Lincoln nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde lórí ajá 63, àwọn ajá tó jẹ́ pé ìṣòro wọn gan-an ni pé wọn kì í padà bí wọ́n bá pè wọ́n níta. Wọ́n pín wọn sí mẹ́ta. Ìpín kìíní wọ kọ́là oníná, àwọn olùkọ́ ajá tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe kọ́là náà fúnra wọn yàn ló kọ́ wọn. Àwọn olùkọ́ yẹn kan náà ló kọ́ ìpín kejì, ṣùgbọ́n láìlo kọ́là. Ìpín kẹta bọ́ sọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tó jẹ́ pé oúnjẹ àti ìyìn ni wọ́n fi ń kọ́ ajá. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fún kálukú. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí wọ́n fi oúnjẹ kọ́ ló tètè ń dáhùn jù, tí wọ́n sì ń gbọ́ nígbà àkọ́kọ́ tí a bá pè wọ́n. Ẹ rántí pé kì í ṣe ọmọ-ọmọ ẹnikẹ́ni ló di rìmóòtù mú níbẹ̀, àwọn ọ̀gá tó mọ kọ́là lò jù ni.

Lọ́dún kan náà, àwọn olùwádìí ní Porto, ní ilẹ̀ Portugal, wo ajá 92 láti ilé ẹ̀kọ́ ajá méje. Wọ́n yẹ itọ́ ẹnu wọn wò, wọ́n rí i pé omi ara tó máa ń pọ̀ nígbà tí ìdààmú bá bá ẹ̀dá pọ̀ sí i lẹ́yìn ẹ̀kọ́ lára àwọn ajá tí wọ́n ń fi ìyà kọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn tó ń gba oúnjẹ. Wọ́n tún kọ́ àwọn ajá náà pé abọ́ tó wà ní apá kan yàrá ní sọ́séèjì, pé èyí tó wà ní apá kejì ṣófo. Wọ́n wá gbé abọ́ sí agbede méjì. Àwọn ajá tí ìyà ń jẹ lọ́pọ̀lọpọ̀ ń lọ́ra kí wọ́n tó lọ wò ó, bí ẹni tí kò retí ohun rere mọ́. Ajá tó ti sọ̀rètí nù lè dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí olówó rẹ̀ sì máa rò pé ó ti gbọ́n.

Ọkọ mi máa ń ka ìwé ìròyìn yìí, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ náà síbí. Ní 2024, àwọn olùwádìí kan, tí Clive Wynne ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona wà lára wọn, gbé ìwádìí tiwọn jáde. Ajá 19 ni wọ́n lò, wọ́n fẹ́ kí wọ́n má máa lé nǹkan tó ń sáré mọ́. Àwọn tó wọ kọ́là jáwọ́. Àwọn tí wọ́n fi oúnjẹ kọ́ ò jáwọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n fi dán an wò. Bí Bàbá Ṣadé bá mú eléyìí lọ́wọ́, ẹjọ́ tó ní láárí ló mú yẹn, torí pé lílé ewúrẹ́ àti lílé nǹkan tó ń sáré ò jìnnà síra. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: ọ̀jáfáfá ló ń tẹ bọ́tìnnì, inú pápá tí wọ́n ṣètò, lórí ohun kan ṣoṣo, lásìkò tó yẹ, ní gbogbo ìgbà. Ẹnì kan, òfin kan. Ilé tó bá lè ṣe ìyẹn ló lè ní kọ́là ṣiṣẹ́ fún òun, ilé tó bá sì lè ṣe ìyẹn lè fi okùn gígùn àti ẹja gbígbẹ ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ láìlo iná, bó tilẹ̀ máa pẹ́ jù.

Ibi tí òfin tó nǹkan, wọn ò fi ọ̀rọ̀ kọ́là sílẹ̀ fún ọkọ àti aya nìkan. Wales fòfin de kọ́là oníná ní 2010. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn £2,000 lé ọkùnrin kan tí wọ́n rí ajá rẹ̀ létí òkun pẹ̀lú kọ́là náà lọ́rùn. Ní Jámánì, ilé ẹjọ́ gíga kan ti ní kò bófin mu láti 2006. England ní àwọn máa fòfin dè é láti oṣù Kejì 2024, ṣùgbọ́n ètò náà ò fìdí múlẹ̀ lásìkò yẹn. L'Ámẹ́ríkà, níbi tí òfin ò ti le, Petco, ilé ìtajà ohun ọ̀sìn ńlá, ló fúnra rẹ̀ ní òun ò tà á mọ́ ní 2020. Nílẹ̀ wa, abala 495 ìwé òfin ọ̀daràn Criminal Code, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1916, ní kí wọ́n fi ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹran sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san ₦50. Àádọ́ta náírà. Kò tó owó ọ̀kadà láti ṣọ́ọ̀bù mi dé ààfin Olújàrẹ. Kò sì sí ọ̀rọ̀ kọ́là nínú rẹ̀. Nítorí náà, àdéhùn tí ọkọ àti aya bá bá ara wọn ṣe ni gbogbo òfin tó wà lórí ọrùn ajá wọn.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan máa sọ: "Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà, níbi tí wọ́n ti ń pa ajá fún Ògún, tí wọ́n ń se é tà ní Oǹdó, tí wọ́n ń pè é ní lokili, ṣé ìwọ ló yẹ kó máa sunkún nítorí bẹ́líìtì?" Mi ò bá ará Oǹdó jà lórí oúnjẹ wọn, mi ò sì bá olórìṣà jà. Ajá tí wọ́n fún Ògún, gbogbo wọn ló fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó wà nínú ọgbà mi, mo ní kó máa ṣọ́ mi lóru, kó má bu ọmọ mi jẹ lọ́sàn-án, kó dá olè mọ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Iṣẹ́ olóye ni mo gbé fún un. Ẹni tó gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀dá gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fún un lọ́nà tó máa yé e.

Ọ̀rọ̀ ara tún wà níbẹ̀. Irin méjì yẹn gbọ́dọ̀ fún mọ́ awọ kí iná tó lè wọlé. Nínú ooru àti òjò wa, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lọ́rùn ajá látàárọ̀ dalẹ́, á bó o. Ìwé inú páálí rẹ̀ máa ń sọ pé kí wọ́n máa tú u, kí wọ́n máa sún un kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n ta ló ń kà á? Mo ti ta gentian violet fún ẹni tí eṣinṣin ti kó lé ọrùn ajá rẹ̀, tó jẹ́ pé ọkọ rò pé ìyàwó ti tú u lálẹ́, ìyàwó sì rò pé ọkọ ti tú u.

Ohun tí àwa ṣe nílé wa rèé, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ọmọ wa ti ra kọ́là náà ránṣẹ́ ká tó sọ̀rọ̀ tán, ó wà nínú páálí rẹ̀ lórí wọ́dìróòbù. A jókòó, a mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "wá," "dúró," "fi sílẹ̀." A fi ṣọ́ọ̀kì kọ wọ́n sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná kí àwọn ọmọ lè rí i. Ẹni tó bá lo ọ̀rọ̀ mìíràn ló máa fọ abọ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ mi sì ti fọ abọ́. Ó ra fèrè irú èyí tí rẹfirí ń fọn. A so okùn gígùn mọ́ Bingo, ọkọ mi á mú un jáde láàárọ̀ kùtù kí ewúrẹ́ tó máa rìn káàkiri, lẹ́yìn náà ní ìgbà tí wọ́n bá ti jáde, láti ibi tó jìnnà, ó sì ń sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Bí fèrè bá dún tí Bingo yíjú padà, ẹja gbígbẹ. Bó bá fa okùn, wọ́n á dúró sójú kan, kò ní í rí ewúrẹ́, kò ní í rí ẹja. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ nà án nígbà tó bá padà wálé, ibi yòówù kó ti lọ. A fi búlọ́ọ̀kù kún ọgbà níbi tó ti máa ń fò.

Bingo ò tíì di áńgẹ́lì. Bí òbúkọ kan bá já lu ojú ọ̀nà lójijì, etí rẹ̀ ṣì lè di. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ fèrè, ó sì ń gbọ́ ọ bóyá èmi ni mo fọn ọ́n tàbí ọkọ mi. Ọkọ mi ò tíì gbà pé mo jàre, ó ní ká ní a lo kọ́là, ì bá ti yá jù báyìí lọ. Èmi náà ò sì tíì ní kó gbé páálí yẹn sọ nù. Ohun tí a ti fẹnu kò lé lórí ni pé kò ní í sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé àwa méjèèjì fọwọ́ sí i, lójú dókítà ẹran, a ó sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wa gbọ́ bí iná náà ṣe rí.

Ìjọba náà ní iṣẹ́ tó lè ṣe níbẹ̀, kò sì ní í ná an lówó púpọ̀. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ lágbàáyé fún ọ̀rọ̀ dìgbòlugi. Ọjọ́ yẹn dára láti kó ajá jọ fún abẹ́rẹ́. Bí àwọn ajá bá ti péjọ pẹ̀lú àwọn olówó wọn, kí dókítà ẹran fi ìdajì wákàtí kọ́ wọn bí a ṣe ń pe ajá tó sì ń wá. Àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn wà ní yunifásítì FUTA l'Ákùúrẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ́rẹ̀ sì wà ní Ìgbárá-Òkè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ọmọ ajá lọ́wọ́ ńlá, ẹ má kàn gba owó kẹ́ ẹ gbé e sínú bọ́ọ̀sì. Ẹ sọ fún ẹni tó rà á pé ajá tó tóbi tó ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í tọ́ ara rẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin tọkọtaya tẹ́ ẹ ń jà lórí kọ́là lọ́wọ́, ìbéèrè mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi ara yín. Kí ni ajá yìí ń ṣe gan-an tí a ò fẹ́? Èwo nínú wa ló ń fún un ní nǹkan nígbà tó bá ṣe é? Ta ló máa mú un jáde lójoojúmọ́? Ẹni tó bá fẹ́ di rìmóòtù mú, kó kọ́kọ́ fi oṣù kan gbáko di okùn mú; ẹni tó bá sì ní kọ́là ò ní í wọlé, kí òun náà máa jí jáde pẹ̀lú okùn yẹn, torí pé kíkọ̀ nìkan ò tọ́ ajá. Bí oṣù náà bá pé tí ajá ò sì gbọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kẹ́ ẹ̀yin méjèèjì sì jọ lọ. Ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ dá a lọ, kó má lọ dá ẹjọ́ èkejì rò.